Ẹ̀rọ Àṣenílé àti Ẹ̀rọ Àràwọlé: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Náwó Lé Lórí Nínú Aago Olówó Gọbọi?

Ẹnu àwọn tó ń ta aago olówó gọbọi kì í kúrò lórí gbólóhùn kan: "Àwa fúnra wa la ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀." Ẹ óò rò pé èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíì kò yẹ lọ́wọ́ èèyàn gidi. Mo ní ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra wọn, mo sì ní ọ̀kan tó ń lo SW200, ẹ̀rọ àràwọlé tí ilé-iṣẹ́ Sellita ń ṣe tà fún àwọn tó ń ṣe aago. Àwọn méjèèjì ti dé iwájú oníṣẹ́ aago.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iyì kúrò ńlẹ̀. Aago Royal Oak tí Audemars Piguet gbé jáde ní 1972, Jaeger-LeCoultre ló ṣe ẹ̀rọ tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kan náà ni Patek Philippe mú fún aago Nautilus tiwọn ní 1976. Láti 1988 títí di 2000, ẹ̀rọ El Primero ti Zenith ló ń gbé aago Daytona ti Rolex rìn. Rolex tún un ṣe dáadáa, wọ́n dín ìlù rẹ̀ kù láti 36,000 sí 28,800 ní wákàtí kan, kí wọ́n tó wá gbé ẹ̀rọ 4130 tiwọn jáde. Àwọn tó ń kó aago jọ ṣì ń du èyí tí Zenith wà nínú rẹ̀.

"Àwa la ṣe é" pàápàá lábùlà. Ilé-iṣẹ́ TAG Heuer ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ Calibre 1887 lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ Seiko ni wọ́n ti ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Breitling ń fún Tudor ní ẹ̀rọ kronógíráàfù, ìyẹn èyí tó lè ka iye àkókò tí nǹkan gbà, Tudor náà sì ti fún Breitling ní ẹ̀rọ tó kàn ń ka wákàtí. Ìfẹ́ iṣẹ́ ọnà nìkan kọ́ ló sì gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ìdí ṣíṣe ẹ̀rọ fúnra wọn: ní 2002, Swatch Group tó ni ETA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ aago, kéde pé àwọn máa dín ẹ̀rọ táwọn ń tà fún ará ìta kù. Kálukú wá wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Sellita ti rí àyè gbòòrò.

Ní ti kíka àkókò déédéé, ọ̀mì ni. Ìdánwò COSC, àjọ Switzerland tó ń yẹ ìpéye aago wò, gba kí aago fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 falẹ̀ tàbí kó fi 6 yá lójúmọ́, ìran méjèèjì ló sì ń yege níbẹ̀. ETA fúnra rẹ̀ ń ta ẹ̀rọ kan náà ní ìpele ìpele, nítorí náà ìpele ni kí ẹ béèrè.

Tí ẹ bá bọ́ aago sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àṣenílé sábà máa ń borí: ẹ̀rọ ETA 2824 ń lo nǹkan bíi wákàtí 38 kó tó dúró, MT5602 ti Tudor ń lo 70.

Ẹwà ẹ̀yìn aago: àṣenílé, bí ẹ bá lówó tó pọ̀ gan-an. Títà á padà: orúkọ tó wà lójú aago ló ń tà á.

Ọjọ́ àtúnṣe lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹ̀rọ tí òróró inú rẹ̀ kì í gbẹ. Nínú SW200 mi, jíà kéékèèké méjì wà tí ń mú kí ìwúwo ẹ̀yìn aago yí spíríǹgì síbì kan náà, ìbáà yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn gan, bí mo bá ń fọwọ́ yí aago, ìwúwo náà á máa yí bìrí bìrí lẹ́yìn dígí. Oníṣẹ́ aago ṣí i lójú mi, ó fi ẹ̀mú gbé jíà méjèèjì sórí bébà funfun, ó fi abẹ́rẹ́ tì wọ́n wò. Ọ̀kan yí, èkejì kọ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó mú tuntun, ó tán.

Àìsàn kan náà ló ṣe àṣenílé mi. Ọkùnrin yẹn náà ló ṣí i, ó fi jíà tó bàjẹ́ hàn mí, ó sì dé e padà, torí ilé-iṣẹ́ náà kì í ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wọn fún ará ìta. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní àwọn kì í pààrọ̀ jíà kan ṣoṣo, àtúnṣe kíkún tàbí kí n gbé aago mi lọ. Oṣù gorí oṣù. Owó tí mo san tó ra aago gidi mìíràn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n dán ara aago náà láìbéèrè, gbogbo igun rẹ̀ tó mú ṣáṣá ti di roboto. Ta ló rán wọn?

Wáráńtì kò gbani títí: ọdún 5 ni ti Rolex. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di ti àpò yín.

Mi ò ní kí ẹ má ra àṣenílé o. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá ń wù yín wò, tí owó àtúnṣe kò sì lè ká yín lára, ẹ rà á, pàápàá èyí tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó fẹ́ aago tó máa wọ̀ lójoojúmọ́, tọ́mọ rẹ̀ náà á wọ̀, kó wo aago tó ń lo Valjoux 7750, ẹ̀rọ kronógíráàfù àràwọlé: nǹkan bí 1974 ló ti wà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ aago ló sì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mowó.

Èyíkéyìí tó wù kó wù yín, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì gbé e tọ oníṣẹ́ aago yín lọ kí ẹ tó sanwó. Tó bá ní ilé-iṣẹ́ nìkan ló lè ṣí i, ẹ béèrè iye tí àtúnṣe kíkún ń náni lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì rò ó mọ́ owó aago náà.