Ìkànnì ìwé mi kò ṣí lọ́jọ́ Ojúde Ọba: àgbéyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ọdún 2025, bí àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ní Ìjẹ̀bú, ti ń tò wọlé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Kánádà pè mí pé òun fẹ́ ra ìwé mi ṣùgbọ́n ìkànnì mi kò ṣí. Mo tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà lórí fóònù, mo sì bá ìkìlọ̀ níbẹ̀ pé àsìkò rẹ̀ ti kọjá, kí ẹni tó ni ín wá san owó ọdún tuntun. Èmi ni mo ni ín, mo sì ti kó owó náà fún ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o.

Ìtàn regbẹ́regbẹ́ Ìjẹ̀bú ni ìwé náà. Kò sí ìgbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń tà tó ọjọ́ kẹta Iléyá tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, pàápàá láti ọdún 2024 tí àwòrán Ojúde Ọba ti gba orí ayélujára kan, tí àwọn tí kò dé Ìjẹ̀bú rí fi ń béèrè ohun tí orúkọ regbẹ́regbẹ́ bíi Bọ́bakẹ́yẹ àti Gbọ́baníyì jẹ́. Nítorí ọjọ́ yìí gan-an ni mo ṣe gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ náà.

Mo pe ọ̀gá wọn títí kó tó gbé fóònù. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, ọjọ́ ọdún lòní, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ nítòsí òpópónà Fọlágbadé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orúkọ ọ̀gá náà ni wọ́n fi gba àdírẹ́ẹ̀sì mi, àti pé ímeèlì tirẹ̀ ni gbogbo ìkìlọ̀ ìsanwó ń lọ. Bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gbangba sínú rìsíìtì mi pé orúkọ òǹkọ̀wé ni wọn yóò fi gbà á. Mo tẹ́ rìsíìtì náà síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó dà á dé, ó ní bí àwọn ti ń ṣe é fún gbogbo oníbàárà nìyẹn, kí n san owó mìíràn tí mo bá fẹ́ kí àwọn yí i padà. Ó yẹ kí àwa òǹkọ̀wé mọ èyí dájú: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló ni àdírẹ́ẹ̀sì. Ènìyàn lè tún ìkànnì kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì tí a ti tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, tí ìwé náà sì ti dé ọwọ́ àwọn tó rà á, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló dìde. “Ẹ jókòó, mà, ẹ fún mi láàyè díẹ̀.” Ó ṣàlàyé pé àdírẹ́ẹ̀sì .com kì í sọnù lójú ẹsẹ̀, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ti pa á rẹ́, 30 ọjọ́ ṣì wà láti rà á padà pẹ̀lú owó gọbọi. Tèmi kò tíì débẹ̀. Ó sanwó rẹ̀, ó fi orúkọ àti ímeèlì mi rọ́pò ti ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù mi sí òun létí, ó sì jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà sínú jọ́tà mi. Ọ̀gá rẹ̀ ń wò wá, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé ìkéde tí mo ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà mi, pé kí n máa gba ímeèlì àwọn òǹkàwé, kí n sì fi orí kìíní ìwé náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ó mú àwòrán aṣọ òkè àwọn obìnrin regbẹ́regbẹ́ kan, ó kọ ìpínrọ̀ kan láti inú ìwé mi sábẹ́ rẹ̀, kò sì kọ “ẹ wá rà á” síbẹ̀ rárá. Àwọn ènìyàn láti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè regbẹ́regbẹ́ tí ìyá wọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra ìwé. Ìkànnì náà fúnra rẹ̀ rẹwà, ó sì ń yára ṣí lórí fóònù kékeré.

Ọ̀gá náà kò tíì bẹ̀ mí títí di òní, ọjà ọjọ́ Ojúde Ọba yẹn sì ti bọ́ sọ́wọ́ òfo. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Owó ọdún tó ń bọ̀, èmi ni n óò fọwọ́ ara mi san án.