Omi tó fara sin sínú aṣọ: òwú tuntun, pọlísítà àbí òkìríkà?

Ṣẹ́ẹ̀tì òwú tó wúwo tó gíráàmù 250 ti mu bíi lítà omi 2,500 kó tó dórí àtẹ. Jíǹsì onígíráàmù 800 ti mu bíi 8,000. Àròpín gbogbo àgbáyé nìyẹn. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ fi lítà 10 ka gíráàmù òwú kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n iye lítà nìkan lè tanni jẹ. Òjò ni oko òwú orílẹ̀-èdè Benin gbára lé, òjò tí ì bá rọ̀ náà ni. Ní Uzbekistan, omi odò Amu Darya àti Syr Darya ni wọ́n ń darí sóko. Láti àwọn ọdún 1960 ni Òkun Aral, tí odò méjèèjì ń ṣàn sí, ti ń gbẹ nítorí rẹ̀, títí ọkọ̀ ojú omi fi jókòó sórí iyanrìn. Ìṣòro ẹni tó ń rajà ni pé “Made in Bangladesh” ara aṣọ, ibi tí wọ́n ti rán an ló ń sọ, kì í ṣe ibi tí òwú ti hù. Bí ontajà kò bá lè sọ ọ́, ẹ má fowó lé e nítorí pé ó ní aṣọ òun kì í fi omi ṣòfò.

Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe pọlísítà. Kò nílò oko, omi rẹ̀ kéré gan-an, kì í sì í tètè gbó. Àmọ́ kì í fa òógùn, fọ́nrán ike tín-ín-tìn-ìn-tín sì ń já lára rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá fọ̀ ọ́, gọ́tà ló ń gbà dé odò. Àdàlù òwú àti pọlísítà pọ̀ lọ́jà tí wọ́n ń pè ní ògidì òwú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú ìṣẹ́tí, ẹ ṣáná sí i: òwú á rùn bíi bébà tó jó, eérú rẹ̀ á kúnná, pọlísítà á yọ́, á dì gbagidi. Bó bá ṣe méjèèjì, àdàlù ni.

Òkìríkà la fara mọ́ jù fún aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ilé, torí omi tirẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná an. Èyí tí abíyá tàbí itan rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ kò ní pẹ́ ya, ẹ ó sì tún ra tuntun.

Omi ìfọṣọ ńkọ́? Koróbá onílítà 20 méjì fún ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ jẹ́ lítà 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, 260. Oko ló mu jù. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ wọ̀ fọ́dún méjì ná yín ní lítà 1,250 lọ́dún. Bó bá lo márùn-ún, 500.

Aṣọ ẹbí ló burú jù nínú ìṣirò yìí. Yáàdì Àǹkárá mẹ́fà tó wúwo tó gíráàmù 700 jẹ́ lítà 7,000, nítorí ọ̀sán Sátidé kan ṣoṣo. Bó bá di dandan, kí télọ̀ rán ohun tó ṣe é wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kó sì fi àyè sílẹ̀ nínú ojú rírán, kẹ́ ẹ lè tú u bí ẹ bá sanra.