Ẹ́jẹ́ńsì tó ń báni wá òṣìṣẹ́ sọ́fíìsì lọ́yà: ṣé kẹ́ ẹ gbà á tààrà ni àbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yá a lò?

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Èmi ni mò ń bójú tó ọ́fíìsì fún wọn, tóṣìṣẹ́ bá ti dín kan báyìí, ojú mi ni gbogbo wọn máa wò. Mo ti lo ẹ́jẹ́ńsì lọ́nà méjèèjì. Ọ̀kan, wọ́n á bá yín wá èèyàn, ẹ ó gbà á síṣẹ́ tààrà, ẹ ó sì san owó ẹ́jẹ́ńsì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sábà máa ń wà láàárín 20 sí 30% owó ọdún kan tẹ́ni náà máa gbà. Èkejì ni temp: ẹ́jẹ́ńsì ló ni òṣìṣẹ́, àwọn ló ń sanwó fún un, ẹ̀yin ń san owó wákàtí tó bá ṣe pẹ̀lú èlé tí wọ́n fi lé e, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ sọ ọ́ di tiyín.

Ká kọ́kọ́ yanjú àwọn kékeré. Temp ló yá jù, mo ti pè wọ́n nírọ̀lẹ́ rí, nígbà tó máa fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹni tó ń to fáìlì ti jókòó. Gbígbà tààrà ló ń mú ògbóǹtarìgì wá, lọ́yà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kò ní fi í sílẹ̀ wá ṣe temp, ẹ má tan ara yín jẹ. Èyí tí wọ́n ń pín owó ẹ̀ sọ́nà mẹ́ta, tí wọ́n á ti gba ìdá kìíní kí wọ́n tiẹ̀ tó rí ẹnikẹ́ni, ẹ fi sílẹ̀ àfi tó bá jẹ́ ọ̀gá ńlá lẹ̀ ń wá.

Ibi tó ti dùn mí wọ eegun ni gàrántì.

A gba paralegal kan, ìyẹn ẹni tó ń ran lọ́yà lọ́wọ́ nídìí ìwé ẹjọ́, tààrà, 25% lowó ẹ́jẹ́ńsì. Ọmọ náà mọṣẹ́, ó lọ́yàyà. Ẹni tó mú un wá ń kọrin gàrántì 90 ọjọ́ sí mi létí, "tó bá lọ kó tó pé, ẹ má mikàn, a máa tún un ṣe," èmi náà gbọ́ "tún un ṣe", mo rò pé owó wa ni wọ́n máa dá padà. Ọjọ́ kejìléláàádọ́rin, mo dé ọ́fíìsì, mo bá káàdì ìwọlé ẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù mi, ìwé pélébé kan wà lábẹ́ ẹ̀, ìlà méjì péré: ó ti ríṣẹ́ síbòmíì. Mo pe ẹ́jẹ́ńsì. Ẹni tó máa ń gbé fóònù kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì wá di ẹni tó ń ṣe mítìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí ìméèlì wọn máa dé, ojú ewé kẹrin àgírímẹ́ǹtì ni wọ́n tọ́ka sí, nísàlẹ̀ pátápátá: kò sí gàrántì tá ò bá san bíìlì láàárín ọjọ́ 14. Ọjọ́ kọkàndínlógún la san án. Ọ̀gá wà ní kóòtù, òun nìkan ló ń fọwọ́ síwèé owó, bíìlì sì wà lórí tábìlì ẹ̀ lábẹ́ ife tíì. Ọjọ́ márùn-ún péré. Ọ́fíìsì lọ́yà la wà o, ibi tí wọ́n ti ń ka àgírímẹ́ǹtì olówó jẹun, kò sẹ́ni tó ka tiwa dé ojú ewé kẹrin, èmi náà ò kà á!

Mo wá padà kà á tán, mo rí i pé ká tiẹ̀ ní a san án lásìkò, àrọ́pò ni wọ́n ṣèlérí, kì í ṣe owó. Torí náà ẹ bi wọ́n: owó ni àbí àrọ́pò? Ọjọ́ tó fọwọ́ síwèé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni, àbí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Kí ló lè sọ ọ́ di asán? Ó ṣeé dúnàá dúrà, wọn ò kàn ní sọ fún yín ni.

Temp ò ní wàhálà yẹn, tí kò bá dáa, ẹ pè wọ́n kí wọ́n mú ẹlòmíì wá. Àmọ́ tó bá pẹ́, èlé yẹn á máa jẹ yín díẹ̀díẹ̀, ẹ tún máa sanwó kẹ́ ẹ tó lè sọ ọ́ di tiyín, ẹ rí i pé àgírímẹ́ǹtì sọ pé owó náà á máa dín kù bí wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ sì ṣọ́ fáìlì yín, torí ẹni tó bá yín ṣe lónìí lè ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣẹjọ́ lóṣù tó kọjá. ABA, ẹgbẹ́ lọ́yà Amẹ́ríkà, ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ láti 1988, nínú ìmọ̀ràn 88-356: lọ́yà temp tó lè rí gbogbo fáìlì ọ́fíìsì léwu ju ẹni tí wọn ò jẹ́ kó rí ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lé lọ. Fódà kan ṣoṣo la máa ń ṣí fún tiwa.

Kálukú ló ní àyè tiẹ̀, mi ò gbè sẹ́yìn ìkankan. Àmọ́ ẹni tó jókòó sí tábìlì ọmọ yẹn báyìí, temp ló bá wọlé, oṣù mẹ́rin la fi wò ó ká tó gbà á. Bíìlì ẹ́jẹ́ńsì náà, ọ̀dọ̀ mi ló ń bà sí báyìí, ọ̀gá ò ní rí i àfi témi fúnra mi bá mú bírò lé e lọ́wọ́, tí mo sì dúró tì í.