Orin kílásíkà tó ṣọ̀wọ́n: YouTube àbí CD?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá orin Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Nàìjíríà tó kọ orin kílásíkà, African Suite tó kọ ní 1944 yẹn, dátà nìkan ni YouTube máa jẹ, tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ Ṣówándé síbẹ̀ ó lè gbé orin Ayọ̀ Bánkólé àti Akin Euba, àwọn ọmọ Nàìjíríà míì tó kọ irú orin yìí, wá bá yín, bí èmi náà ṣe mọ̀ wọ́n nìyẹn, inú mi dùn gan-an! Àmọ́ wọ́n lè yọ fídíò yẹn lọ́la, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní kọ orúkọ àwọn tó lù ú.

CD wọ́n, owó tí wọ́n máa fi fi í ránṣẹ́ lè ju owó ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tiyín ni, ìwé inú ẹ̀ sì sábà máa ń sọ ẹni tó lù ú. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kiri, YouTube. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ ra CD.