Lórí Hive: kí o ra agbára tìrẹ ni, àbí kí o yá a?

Àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Hive, ìkànnì ìkọ̀wé orí blockchain (àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú) tó yapa kúrò lára Steem, ìkànnì mìíràn bíi rẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2020, kì í yéé bi mí ní ìbéèrè yìí. Wọ́n á fèsì sí nǹkan mélòó kan, ìkànnì á ní ó tó. Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni: Resource Credits (RC) wọn, ìyẹn agbára tí èèyàn ń ná bó bá ń kọ nǹkan síbẹ̀, ló tán. Ẹni tí Hive Power rẹ̀ (HIVE, owó ìkànnì náà, tó tì pa sínú àkáǹtì rẹ̀) kéré, RC rẹ̀ á kéré. Bó bá tán pátá, ọjọ́ 5 ló fi ń kún padà.

Rírà Hive Power ń náni lówó. Yíyá kì í gba kọ́bọ̀ bí ojúlùmọ̀ bá fi RC tirẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ èyí tí o rà, tìrẹ ni. Èyí tí o yá, ẹni tó ni ín lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú.

Ewu rírà kò kéré o: bí o bá fẹ́ yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde fún ọ̀sẹ̀ 13, iye HIVE sì lè ti já wálẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú mọ owó kà, kó kà á dáadáa.

Bí o bá ṣì ń tọ́ ọ wò, yá a. Bí o bá ti ń kọ̀wé lójoojúmọ́, ra díẹ̀, kó má ṣe jẹ́ owó àjọ.