Brinsupri fún bronchiectasis: ohun tó lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹni tó bá ra Brinsupri, òògùn bronchiectasis (àìsàn tó ń ba ọ̀pá èémí inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́), tó ń retí pé ikọ́ òun á dá wáí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ṣi òògùn rà. Kì í pa kòkòrò, kì í la ọ̀nà èémí, kì í sì í fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń gba agbára lọ́wọ́ àwọn purotéènì kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má baà máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ni wọ́n. Fún aláìsàn tí iṣẹ́ yẹn bá bá àìsàn rẹ̀ mu, òògùn gidi ni. Ẹlòmíràn á kàn fi owó gọbọi ra ohun tí kò kàn án ni.

Brensocatib ni èròjà inú rẹ̀. Ọwọ́ AstraZeneca ló ti kọ́kọ́ jáde. Insmed, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2016. FDA, àjọ tó ń bójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, fún àgbàlagbà àti ọmọ tó bá ti pé ọdún 12. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí òògùn kankan tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́hùn-ún fún bronchiectasis tí kì í ṣe ti cystic fibrosis, àìsàn àbínibí tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki. Hóró 10 mg àti hóró 25 mg ló wà.

Bronchiectasis ni kí àwọn ọ̀pá èémí inú ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ògiri wọn bàjẹ́, kí wọ́n má sì lè sún padà mọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa dúró síbẹ̀, kòkòrò á sì sọ ibẹ̀ di ilé. Ikọ́ ife wà lára ohun tó ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ní ilẹ̀ wa: wọ́n tọ́jú ikọ́ ife tán, àyẹ̀wò kò rí kòkòrò rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ aláìsàn ń pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ òògùn ikọ́ ife fún un lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó jẹ́ pé àpá ọgbẹ́ àkọ́kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. X-ray lè má fi àìsàn yìí hàn rárá. CT, àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà inú àyà ní ìpele-ìpele, ló ń fi í hàn, ẹni tí kò bá sì tíì ṣe CT kò yẹ kó máa bèèrè iye tí wọ́n ń ta Brinsupri.

Ibi tí òògùn yìí ti yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Neutrophil ló pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, inú mùdùnmúdùn egungun sì ni ara ti ń ṣe wọ́n. Kí wọ́n tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti di ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń gé nǹkan) mẹ́ta sínú àwọn àpò kéékèèké: neutrophil elastase, proteinase 3 àti cathepsin G. Ṣùgbọ́n bí ara ṣe ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè gé nǹkan kan, nítorí amino acid (èròjà kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì) méjì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù kẹrin, DPP1, tí wọ́n tún ń pè ní cathepsin C, ló ń gé méjèèjì yẹn kúrò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó di ohun tó ń jẹ nǹkan.

Elastase kì í ṣe ọ̀tá ara o. Òun wà lára ohun tí neutrophil fi ń fọ́ kòkòrò sí wẹ́wẹ́. Wàhálà dé nígbà tí neutrophil bá kóra jọ sínú ọ̀pá èémí tí wọn kò sì kúrò níbẹ̀. Elastase á tú jáde, á máa jẹ elastin tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró lè nà kó sì sún. Á ba àwọn irun tín-ín-rín tó ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè jẹ́, á sì jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ túbọ̀ máa pọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ó ń gé àwọn purotéènì ààbò, títí kan èyí tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń dá kòkòrò mọ̀ láti gbé e mì. Kòkòrò á wá gbèrú, neutrophil mìíràn á tún dé. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Peter Cole, dókítà ẹ̀dọ̀fóró kan ní London, ṣàlàyé àyíká yìí láàárín ọdún 1980 sí 1989, orí rẹ̀ náà ni ìtọ́jú àìsàn yìí ṣì dúró lé dòní.

Ara ní ìjánu tirẹ̀ fún elastase, ìyẹn alpha-1 antitrypsin tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe. Ọdún 1963 ni Laurell àti Eriksson ṣàkíyèsí ní Sweden pé àwọn tí wọn kò ní in tó nínú ẹ̀jẹ̀ ń ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Nínú bronchiectasis, ìjánu náà sábà máa ń wà, àmọ́ elastase inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ kọjá agbára rẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú òògùn tó ń mú elastase fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, alvelestat jẹ́ ọ̀kan; nígbà tí wọ́n dán an wò nínú COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí ọ̀nà èémí, ara àwọn aláìsàn kò yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Brensocatib kò bá elastase jà rárá. DPP1 ló ń dá dúró nínú mùdùnmúdùn egungun, kí neutrophil tó ń bọ̀ lè jáde pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù tí kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè yára. Neutrophil tó ti gbó ṣáájú kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì ti ní elastase tirẹ̀, òògùn kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí elastase inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó wálẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá sì dá a dúró, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò ti padà síbi tó wà. Àṣìlò tó ń ba òògùn yìí jẹ́ jù ni kí èèyàn máa lò ó nígbà tí ikọ́ bá le, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ara bá fúyẹ́. Nígbà COVID pàápàá, wọ́n dán an wò fún àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn ní Britain, kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìdánwò ASPEN, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní kíkún lọ́dún 2025, ló gbé e dé ọjà. Èèyàn 1,721 ni wọ́n kó jọ, ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n fi lò ó. Àgbàlagbà inú wọn gbọ́dọ̀ ti ní ìrusókè méjì ó kéré tán láàárín ọdún kan ṣáájú. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìrusókè níbẹ̀ ni pé ikọ́ le sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ tàbí ó ki, èémí kúrú, ara rẹ̀ wọ́n, débi pé dókítà ní láti kọ òògùn apakòkòrò fún wọn. Àwọn tó lo hóró òfìfo, ìyẹn èyí tí kò ní òògùn nínú, ní ìrusókè 1.29 lọ́dún, àwọn tó lo 10 mg ní 1.02, àwọn tó lo 25 mg sì ní 1.04. Ẹ fi wé ọgọ́rùn-ún èèyàn: 129 nínú ọdún kan di nǹkan bí 102 tàbí 104. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ló dín kù. Nínú àwọn tó lo òògùn gidi, ìdá 48.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní ìrusókè kankan ní gbogbo ọdún náà, àwọn ti hóró òfìfo sì jẹ́ 40.3.

Ó dáa, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ju ìdajì àwọn tó lò ó lọ ló ṣì ní ìrusókè.

10 mg tàbí 25 mg? Ní ti ìrusókè, ọgbọọgba ni wọ́n. Ibi tí 25 mg ti yọrí ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan: àwọn ti hóró òfìfo pàdánù mílílítà 62 láàárín ọdún náà, ti 10 mg pàdánù 50, ti 25 mg pàdánù 24 péré. Ní ìdà kejì, ìdá 3.0 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo 25 mg ni awọ ara wọn yi tàbí tó le, ó jẹ́ 1.4 fún 10 mg àti 0.7 fún hóró òfìfo. Lójú tiwa, ẹni tí èémí rẹ̀ ń dín kù láti ọdún dé ọdún ni 25 mg tọ́ sí. Ẹni tí èrìgì tàbí awọ ara rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ 10 mg.

Ọ̀rọ̀ èrìgì yìí kì í ṣe àròsọ. Àwọn kan wà tí wọ́n bí láìní DPP1 tó ń ṣiṣẹ́, àìsàn Papillon-Lefèvre ni wọ́n ń pè é. Èrìgì wọn máa ń jẹrà láti kékeré, eyín wọn á re dànù, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á yi. Òògùn yìí kò mú DPP1 kúrò pátápátá bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà. Ẹ lọ rí dókítà eyín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó fọ eyín yín, kó wo èrìgì. Kí ẹ máa padà lọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, èrìgì tó wú, eyín tó ń mì: ẹ má dúró de àsìkò ìpàdé. Awọ gbígbẹ, òrí tàbí ìpara lásán tó o. Èyí tó bá sú, tó ń tàn káàkiri tàbí tó ń nípọn, dókítà awọ ló ni í. Orí fífọ́, ọ̀fìnkìn àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé òògùn náà.

Lílò rẹ̀ kò ṣòro: hóró kan lóòjọ́, jẹun o, má jẹun o. Tí ẹ bá gbàgbé lónìí, ẹ dúró de àkókò tọ̀la, kí ẹ má lo méjì pọ̀. Ẹ má fi sínú mọ́tò tàbí lórí fèrèsé tí oòrùn ń pa.

Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kòkòrò inú wọn ṣì wà láàyè ni kí ẹ yẹra fún bí ẹ bá ti ń lò ó. Èyí kan àwọn èèyàn wa tó wà ní Britain àti Amẹ́ríkà gan-an, torí abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú tí wọ́n ń kọ sínú káàdì yẹ́lò jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹni tó ń múra láti wálé, kó ti bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì.

Iye tí wọ́n kọ sí i lára ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde lọ́dún 2025 jẹ́ nǹkan bí 88,000 dọ́là fún lílo ọdún kan. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá san án fún lè gbà á. Ẹni tí yóò san án látinú àpò ara rẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó ti ṣe dáadáa kó tó dé ibẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ife, fún kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas, àti fún àwọn ẹbí kòkòrò ikọ́ ife tí kì í ṣe òun gan-an. Tí kò bá sí àwọn ìkẹyìn wọ̀nyí, dókítà lè kọ azithromycin, òògùn apakòkòrò kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì rọjú jìnnà. Tí wọ́n bá wà, azithromycin nìkan á kàn kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní kú mọ́ ni. Kí wọ́n sì yẹ ọkàn àti etí wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èkejì ni yíyọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ ń lo Brinsupri. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún, kí ẹ dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jẹ́ kó jáde. Ẹ tún mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ la ẹnu, kí ẹ fi ipá fẹ́ èémí jáde lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láìwúkọ́, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè gòkè, kí ẹ tó wá hú u jáde. Ẹ tún un ṣe fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ki jù, omi iyọ̀ ìdá 3 tàbí 7 nínú ọgọ́rùn-ún látinú nebulizer (ẹ̀rọ tó ń sọ omi di ìkùukùu tí èèyàn ń mí sínú) máa ń tú u, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ lò ó, pẹ̀lú salbutamol, òògùn tó ń la ọ̀nà èémí, ṣáájú rẹ̀, torí ó lè fún ọ̀nà èémí pa. Ẹ má po omi iyọ̀ fúnra yín nílé.

Ẹni tó bá ń ṣe gbogbo èyí láìyẹsẹ̀, tó sì tún ń ní ìrusókè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, òun ni wọ́n ṣe òògùn yìí fún. Asthma àti COPD kò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ẹni tó bá sì ń hú ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lónìí. Hóró tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀.