Iṣẹ́ signing company fún nótárì alárìnká ní Houston: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, torí ẹni tó ń sanwó dáadáa lóṣù yìí lè máa fi wá ṣeré lóṣù tó ń bọ̀. Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá fún ẹ̀yin ará wa ní Texas tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní òǹtẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra ilé, tàbí tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó tuntun san ti ilé tó wà lọ́rùn rẹ̀, èmi ni màá kó ìwé lọ bá a, màá yẹ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wò, á buwọ́ lù ú lójú mi, màá lu òǹtẹ̀. Title company, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìní ilé wò tó sì ń bójú tó ìparí ètò náà, ló ni iṣẹ́ gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í wá nótárì fúnra wọn. Wọ́n á gbé e fún signing company, ìyẹn alágbàtà tó ń pín iṣẹ́ fún nótárì, àwọn yẹn á fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí àìmọye nótárì: iye owó, àdúgbò, aago. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fèsì ló gbà á. Ìkánjú yìí ni wọ́n fi ń mú wa. Kó tó di pé èèyàn ṣírò, ọwọ́ ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. 85 dọ́là, Conroe, aago méje alẹ́. Alief ni mò ń gbé, ó sì tó nǹkan bí máìlì 50 ní àlọ nìkan. 70 sẹ́ǹtì ni IRS, àwọn agbowó-orí ìjọba Amẹ́ríkà, kà sí ìnáwó ọkọ̀ fún máìlì kan lọ́dún 2025. Àlọ àti àbọ̀ ti di 70 dọ́là, a ò tíì dé orí owó toll. Ìwé ẹ̀yáwó lè tó ojú-ewé 150, ẹ̀dà méjì sì ni a máa ń tẹ̀ jáde: ọ̀kan tí wọ́n á buwọ́ lù, ọ̀kan tí oníbàárà á mú dání. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yẹn, àánú ló ń ṣe signing company.

Iye tí òfin Texas fọwọ́ sí láti oṣù kẹsàn-án 2023, ìyẹn 10 dọ́là fún ìbuwọ́lùwé àkọ́kọ́ àti 1 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, ti òǹtẹ̀ nìkan ni. Ìrìnàjò àti ìwé títẹ̀, àdéhùn ni. Nítorí náà mo máa ń kọ iye tèmi padà. Fún Conroe yẹn, 150 ni mo kọ. Wọn kò dá mi lóhùn. Nígbà tó di aago mẹ́rin ọ̀sán, ẹni tó gbà á ní 85 ti já wọn kulẹ̀, ni wọ́n bá pè mí.

Kí n tó gbà, mo máa ń béèrè bóyá scanback wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í sọ ọ́. Ẹ̀yìn tí ẹ bá gbà á tán ni ìlànà á dé pé kí ẹ ṣe scan gbogbo ìwé náà, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó gbé e lọ sí FedEx. Ó lè gbà tó wákàtí kan sí i, owó ẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Èkejì, ìgbà wo lowó máa wọlé? Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣeé fara dà. "Tí ẹ̀yáwó bá jáde" ni mi ò gbà rárá. Ẹni tó ń fi ẹ̀yáwó tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí ilé tó ń gbé sábà máa ń ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà lábẹ́ òfin. Tó bá yí i padà, èmi ti sun epo, mo ti tẹ ìwé.

Ìbéèrè tí nótárì Texas kò gbọdọ̀ fò rèé: ṣé home equity ni, ìyẹn ẹ̀yáwó tí onílé fi iye ilé rẹ̀ dúró láti gbà? Òfin ìpìlẹ̀ Texas, apá 50(a)(6), sọ pé ọ́fíìsì ẹni tó ń yáni lówó, ti lọ́yà tàbí ti title company nìkan ni wọ́n ti lè parí irú ẹ̀yáwó yẹn. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ lè wà ní ìpínlẹ̀ míì, kó má mọ̀. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí, àdírẹ́sì ilé oníbàárà ló wà níbẹ̀. Mo dá a padà.

Tí n kò bá mọ ilé-iṣẹ́ náà, mo máa ń ka ohun tí àwọn nótárì kọ nípa rẹ̀ ní Signing Central, lórí ìkànnì Notary Rotary tó jẹ́ ti àwọn nótárì, èyí tó sún mọ́ òní nìkan. Ìyìn ọdún 2021 kò wúlò fún mi. Lóṣù kìíní ọdún yẹn, èlé ẹ̀yáwó ilé ò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ pọ̀ bí omi òjò, kò sẹ́ni tí kò lè sanwó. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2023, ó ti ń lé ní 7.5, ìgbà yẹn la wá mọ àwọn tó lówó lọ́wọ́.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ìràwọ̀ mẹ́rin? Mo ti rí i nínú Closing Disclosure, ìwé tó ń to gbogbo owó ẹ̀yáwó náà lẹ́sẹẹsẹ, rí pé 200 dọ́là ni wọ́n yọ lọ́wọ́ oníbàárà fún signing, 90 ni wọ́n fún mi. Kò sì jẹ́ méjì, torí iṣẹ́ ló ń wá mi, mi ò lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ sì ni mo ti mọ àwọn title company méjì tó ń pè mí tààrà báyìí. Ti signing company, ìparí oṣù ni mo máa ń retí rẹ̀ jù. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀yáwó máa ń rọ́ jọ, tí 85 á di 140 kí ilẹ̀ tó ṣú.